Wọ́n Bá Onílé Nílé: Àṣìlóye Nípa Ẹjọ́ Àwọn Onílẹ̀ Àbáláyé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ kan wà tí ó rìn ju ogún ọdún lọ. Ní ọdún 1788 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà láti tẹ̀dó, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ńlá náà kò ní onílẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1992 kí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà tó sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Igba ọdún ó lé mẹ́rin ni irọ́ náà fi rìn kí òtítọ́ tó bá a.

Ṣùgbọ́n irọ́ kì í kú tán lọ́jọ́ kan. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ń há a sórí pé Captain Cook ni ó ṣàwárí Ọsirélíà ní ọdún 1770, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí rẹ̀ ti há a sórí pé Mungo Park ni ó ṣàwárí Odò Ọya. Ta ni í ṣàwárí ilé tí onílé jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Àwọn tí wọ́n ń pẹja nínú odò náà, tí wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bọ ọ́, ṣé wọn kò tíì rí i ni? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gba irọ́ àkọ́kọ́ yìí gbọ́ kò ní pẹ́ gba èkejì. Nígbà tí ó bá gbọ́ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Ọsirélíà tàbí ní Kánádà gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí ilẹ̀, ohun tí yóò bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Kí ni wọ́n tún ń wá? Ṣé wọ́n fẹ́ lé gbogbo ènìyàn lọ ni?" Àìmọ̀ ni ó ń bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí àìmọ̀ yìí bá sì yẹ kí ó ti ẹnikẹ́ni lójú, ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tì, nítorí pé ẹjọ́ ilẹ̀ kan láti Èkó wà lára ìpìlẹ̀ tí àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí dúró lé.

Onílẹ̀ àbáláyé ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn wá bá wọn níbẹ̀, tí wọ́n sì fi ìjọba tuntun lélẹ̀ lé wọn lórí. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò díjú. Wọ́n ń béèrè pé kí òfin àwọn tí ó dé lẹ́yìn gbà pé òfin kan ti wà nílẹ̀ kí àwọn tó dé, àti pé ẹ̀tọ́ tí òfin àkọ́kọ́ yẹn fún ènìyàn lórí ilẹ̀ kò kú ní ọjọ́ tí a ta àsíá tuntun. Orí ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Àṣìlóye tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ni ó pọ̀.

Àṣìlóye kìíní ni pé ẹni tí kò ní ìwé kò ní ilẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kọ ìwé àdéhùn, wọn kò ya àwòrán ilẹ̀, wọn kò sì ri òpó símẹ́ǹtì mọ́ ààlà. Kí àwọn awọnlẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ wọn dé ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ṣé pèrègún kọ́ ni ó ń sọ ibi tí oko Àjàní parí sí àti ibi tí ti Àkàndé ti bẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní erékùṣù Mer, ní Torres Strait, láàárín Ọsirélíà àti Papua New Guinea. Àgbẹ̀ ni àwọn ará Mer. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ oko rẹ̀, ó sì mọ ààlà rẹ̀. Òfin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Malo, òrìṣà wọn, kà á léèwọ̀ kí ènìyàn máa wọ ilẹ̀ onílẹ̀ bí ó ti wù ú. Erékùṣù yìí ni ìjọba Queensland gbà mọ́ tirẹ̀ ní ọdún 1879.

Eddie Koiki Mabo, ọmọ erékùṣù náà, ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ní yunifásítì kan ní ìlú Townsville, yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Captain Cook yẹn gan-an sọ. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìtàn pé lójú òfin, ilẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kì í ṣe tirẹ̀. Ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu. Ní ọdún 1982, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn láti Mer pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi rojọ́. Nígbà tí ìdájọ́ dé ní 1992, mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ méje ni ó gbà pé àwọn ará Mer ni wọ́n ni ilẹ̀ wọn. Mabo kò sí láyé láti gbọ́ ọ. Ó ti kú ní oṣù kìíní ọdún yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kan olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ju bí ó ti lè rò lọ. Ní British Columbia, ní Kánádà, àwọn Gitksan àti Wet'suwet'en mú ìtàn àtẹnudẹ́nu àti orin ìdílé wọn wá síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ìyá àgbà kan fẹ́ kọ orin ìdílé rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, adájọ́ ní etí òun kò gba orin. Ní 1991, ó dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 1997, nínú ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Delgamuukw, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Kánádà sọ pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀: ó ní ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìwọ̀n tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Nàìjíríà ti mọ èyí ṣáájú. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni ó ṣáájú nínú márààrún. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ráhùn pé kí ni oríkì orílẹ̀ àti ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú wúlò fún, kí ó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi ń gba ilẹ̀ baba wọn padà.

Àṣìlóye kejì ni pé ẹni tí ó bá ti gba ìjọba ti gba ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Òun ni ó lágbára jù lọ nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni ọmọ Èkó kan dá ní ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1861, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1913, ìjọba náà gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ̀dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún òun àti àwọn ènìyàn òun. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ àbójútó àti ti ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni ó ní, owó ìyẹn nìkan ni yóò sì gbà. Olóyè náà kò gbà. Ní ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú Privy Council, tí í ṣe òpin ilé-ẹjọ́ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà.

Ní oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ó ní pípààrọ̀ ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ohun ìní wọn. Ó ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ ní kíkún, Olúwa sì dúró fún wọn, nítorí náà, kí wọ́n san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n yé fi ìwọ̀n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ṣe ń ṣe é. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó dára nígbà tí àlejò fúnra rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Kókó ìdájọ́ náà ni pé ẹni tí ó gba adé ìlú kò tíì gba oko Bàbá Àlàbí.

Ìdájọ́ yìí kò dúró sí Àpápá. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀, ní 1918, Privy Council kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Rhodesia pé àwọn ènìyàn kan wà tí ìgbé-ayé wọn rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin kò lè ka ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀tọ́. Ọ̀nà méjì ni ó wá là sílẹ̀ níwájú àwọn adájọ́ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún 1973, nígbà tí ìdájọ́ dé lórí ẹjọ́ àwọn Nisga'a ti Kánádà, tí a mọ̀ sí Calder, ẹjọ́ Olúwa wà lára ohun tí àwọn adájọ́ gbé yẹ̀ wò. Àwọn Nisga'a kò jàre tán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú adájọ́ méje gbà pé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin. Èyí ni ó mú ìjọba jókòó láti bá wọn sọ̀rọ̀, títí àdéhùn tí ó fún wọn ní nǹkan bí 2,000 kìlómítà níbùú-lóròó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000. Nígbà tí ó di ti Mabo ní 1992, àwọn adájọ́ Ọsirélíà kọ ọ̀nà ti 1918 sílẹ̀, wọ́n sì tọ ọ̀nà tí ẹjọ́ Èkó là. Orúkọ Àmọ̀dù Tìjání wà nínú ìwé ìdájọ́ náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ọmọ Yorùbá mélòó ni ó mọ̀?

Àṣìlóye kẹta ni ti ìbẹ̀rù: pé onílẹ̀ àbáláyé fẹ́ lé gbogbo ènìyàn kúrò nílé wọn. Lẹ́yìn ìdájọ́ Mabo, àwọn olóṣèlú kan ní Ọsirélíà ń dẹ́rù ba ará ìlú pé wọn yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọn. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba bá ti tà fún ènìyàn pátápátá, ẹ̀tọ́ àbáláyé ti kú lórí rẹ̀ lójú òfin Ọsirélíà. Ilé-ẹjọ́ tún fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Fejo ní 1998. Bí a bá fi òdodo wò ó, onílẹ̀ àbáláyé ni ó pàdánù jù lọ nínú ètò yẹn. Ní ti ilẹ̀ gbalasa tí ìjọba yá àwọn olówó ẹran láti máa fi jẹ̀, ẹjọ́ Wik ti 1996 ní ẹ̀tọ́ méjèèjì lè jọ wà lórí ilẹ̀ kan, bí wọ́n bá sì forí gbárí, ti ẹlẹ́ran ni yóò lékè. Kí ni ó ṣòro nínú èyí fún ẹni tí ó mọ ìṣákọ́lẹ̀? Láyé àtijọ́, àtọ̀húnrìnwá a máa dáko lórí ilẹ̀ ẹbí mìíràn, a sì máa mú iṣu àti àgbàdo wá fún olórí ẹbí lọ́dọọdún. Onílẹ̀ ń jẹ́ onílẹ̀, olóko ń jẹ́ olóko, àwọn méjèèjì sì ń jẹun.

Kò yẹ kí a fi bò pé ọ̀rọ̀ náà lè le jù báyìí lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, adájọ́ kan ní British Columbia dá àwọn Cowichan láre lórí ilẹ̀ kan ní ìlú Richmond, àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ìwé ilẹ̀ tiwọn sì wà lára àwọn tí ilẹ̀ wọn bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé e. Àmọ́, àwọn Cowichan kò ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé ìwé onílé kankan; ìjọba tí ó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n mú. Ẹni tí ó ra ẹran olè lọ́jà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n olè ni ó yẹ kí ó máa bú, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀.

Àṣìlóye kẹrin ni pé ó ti pẹ́ jù. "Níbo ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí?" Láti ọdún 1927 títí di 1951, òfin Kánádà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó jọ láti fi pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ àbáláyé láìgba àṣẹ ìjọba. Wọ́n di ènìyàn lẹ́nu, wọ́n tún ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ní Ọsirélíà, àwọn Yolngu ti Yirrkala kò dákẹ́. Ní 1963, wọ́n fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo igi tí wọ́n ya àwòrán àbáláyé wọn sí. Ní 1971, adájọ́ gbà pé wọ́n ní òfin tí ó gún régé, síbẹ̀ ó ní òfin Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú ẹ̀tọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé wọ́n pẹ́ ni ó di etí.

Ẹ̀ka àṣìlóye yìí ni pé wọn kì í ṣe ẹni àtijọ́ mọ́: wọ́n ń wọ ṣòkòtò, wọ́n ń wa mọ́tò, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn adájọ́ pàápàá kó sí pàǹpẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn Yorta Yorta béèrè ilẹ̀ wọn, adájọ́ sọ ní 1998 pé ìṣàn omi ìtàn ti gbá àṣà wọn lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì dá wọn lẹ́bi ní 2002 pé òkùn àṣà wọn ti já. Ta ni ó já a? Wọ́n lé ọkùnrin kúrò lóko, wọ́n wá ń bi í léèrè ìdí tí oko rẹ̀ fi di igbó. Ìdájọ́ yìí kò tọ́, ó sì yẹ kí a sọ pé kò tọ́. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pé ilẹ̀ baba rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ nítorí pé kò gun ẹṣin mọ́.

Àṣìlóye ìkẹyìn jẹ́ ti ilé. Bí ará Èkó bá gbọ́ "ọmọ onílẹ̀," àwọn jàǹdùkú tí ó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ́lé ni ó ń rántí, àwọn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó torí wọn ṣe òfin ní 2016. Àwọn mìíràn á rántí ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000, wọn á sì ní ọ̀rọ̀ ta-ló-kọ́kọ́-dé máa ń fa ẹ̀jẹ̀. Àwíjàre yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn mẹ́ta kò jọ ẹni tí wọn kò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mabo kò gbé àdá lọ bá aládùúgbò rẹ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀sùn lọ bá ìjọba. Nǹkan tí ó ń fa àdá ni kí ilé-ẹjọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ àbáláyé sì ni wọn kò gbọ́ fún igba ọdún.

Kò sì yẹ kí ọmọ Nàìjíríà ro pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìyí. Láti 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìbéèrè tí Olúwa béèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè pé ibo ni agbára ìjọba parí sí àti ibo ni ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì di ìtàn.

Ibi tí iṣẹ́ ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ni kíláàsì. Kí olùkọ́ yọ "ṣàwárí" kúrò lórí pátákó, kí ó kọ "dé" sí ipò rẹ̀: Cook dé Ọsirélíà ní 1770, ó bá ènìyàn níbẹ̀. Kí ó sọ ìtàn olóyè onífìlà funfun tí ó kọ owó ìṣákọ́lẹ̀ lásán nítorí pé onílẹ̀ ni. Kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé láti bi àgbà ìdílé rẹ̀ pé, "Níbo ni ààlà ilẹ̀ wa, ta ni ó sì sọ fún yín?" Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú èsì ìbéèrè yẹn padà wá sí kíláàsì kò ní béèrè mọ́ pé kí ni àwọn ará Mer ń wá ní ilé-ẹjọ́.